Ìsọlọ̀ Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Kà Á

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya kàtúùnù ní Èkó, ó sì ti ran àwọn oníròyìn tó ń pọ́n wọn lé: pé ayàwòrán tí iléeṣẹ́ òkè òkun kò bá tíì ra ìtàn rẹ̀ kò tíì débì kan. Bí ọmọ kan bá tẹ kọ́míìkì tirẹ̀ jáde, tí àwọn ará àdúgbò ń yá ara wọn kà, tí wọ́n ń torí rẹ̀ jiyàn nínú dáńfó, wọ́n á ní ó ń gbìyànjú. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Disney mọ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á ní ó ti là. Ìjọba pàápàá ti kọ́ ohùn yìí. Láti 2023 tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà, àṣà àti ọrọ̀ ajé tó wà nínú wọn, ohun tí à ń gbọ́ ṣáá ni bí iṣẹ́ ọnà yóò ṣe mú dọ́là wọlé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Láti Ire-Akárí, ní Ìsọlọ̀ ní Èkó níbí, tí mo ti ń kọ èyí, mo ní iṣẹ́ ayàwòrán tí Ìsọlọ̀ kò kà kò tíì parí, bó ti wù kí orúkọ ẹni tó rà á tóbi tó.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, Disney gbé Iwájú jáde lórí Disney+, fíìmù kàtúùnù alápá mẹ́fà nípa Èkó ọjọ́ ọ̀la. Kugali ló bá wọn ṣe é, iléeṣẹ́ kọ́míìkì tí Tolu Olowofoyeku, Ziki Nelson àti Hamid Ibrahim dá sílẹ̀. N kò bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jà. Akin ni wọ́n: orí BBC ni wọ́n ti sọ gbangba pé àwọn yóò bá Disney figa gbága, Disney gbọ́, ó sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí fíìmù Èkó yìí jáde, Disney+ kò sí ní Nàìjíríà. Ọmọ tó wà ní Chicago lè jókòó sí pálọ̀ bàbá rẹ̀ kó máa wo Èkó. Ọmọ tó wà ní Ìsọlọ̀ kò lè wò ó. Nínú ìtàn yẹn gan-an, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Kọ́lé, ọmọ Mainland tó dá kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tọlá sì ń gbé ní Island láàárín ọlá. Àwọn Kọ́lé tòótọ́, tó kún Mafolúkù àti Ìlasamàjà fọ́fọ́, dúró títí wọ́n fi gbé e wá sórí DStv, fún ẹni tó bá ń san owó ìyẹn. Àwọn tí wọ́n ya ni wọ́n rí i kẹ́yìn.

Ìyànú ti Roye Okupe náà ńkọ́? Orúkọ Yorùbá, ìlú Yorùbá, aṣọ Yorùbá. Dark Horse ní Amẹ́ríkà ló ń tẹ ìwé rẹ̀ láti 2021, Lion Forge sọ ọ́ di fíìmù, ó bọ́ sórí Cartoon Network ní oṣù Kẹrin 2025. Iṣẹ́ ńlá ni, inú mi sì dùn pé ó wà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni èdè rẹ̀, dọ́là ni iye rẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí òkè òkun. Bí a ṣe sọ ìlọ àwọn díẹ̀ di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn gbogbo ẹni tó jókòó sílé ni mo ń bá jà, tí a fi ń pe kọ́míìkì ní àkàbà lásán, tí ènìyàn á gùn ún dé orí fíìmù, á sì fi ẹsẹ̀ tì í ṣubú.

Nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wa, kò sí òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Akinọlá Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1916, bẹ̀rẹ̀ sí í ya kàtúùnù òṣèlú fún West African Pilot, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe, ní 1944. "Lash" ló ń kọ sí i bí ìbuwọ́lù. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló ń yà, àmọ́ akọ̀wé rélùwéè ló ń yà á fún, àti tíṣà, àti ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ló lè yé e yékéyéké nínú ìwé ìròyìn ọ̀hún. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Òyìnbó lè fojú fo àròkọ gígùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé mélòó kan kà. Kò lè fojú fo àwòrán tí gbogbo ọjà ti rí, tí wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ti ń fi ìka tọ́ka sí imú òyìnbó nínú rẹ̀. Ká ní Laṣekan dúró de ìgbà tí ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ kó tó ka ara rẹ̀ sí ayàwòrán, kí la ò bá máa sọ nípa rẹ̀ lónìí?

Ká tiẹ̀ má lọ jìnnà. Rutam House, ilé The Guardian, wà ní Ìsọlọ̀ níbí, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Òṣòdì lọ sí Apápá. Ìwé ìròyìn yẹn, tí Alex Ibru dá sílẹ̀ ní 1983, la ti mọ àwọn ayàwòrán kàtúùnù bíi Bisi Ogunbadejo àti Obe Ess. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba ológun Buhari fi Òfin Kẹrin ọdún 1984 sọ méjì nínú àwọn akọ̀ròyìn ibẹ̀, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n. Ní 1994, ìjọba ológun Abacha ti ilé náà pa. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ayàwòrán a máa sọ ohun tí akọ̀ròyìn kò gbọdọ̀ kọ, nítorí ikùn ńlá, agbádá tó ń wọ́ nílẹ̀ àti fìlà sójà kò ní orúkọ ẹnì kankan lára, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó ni wọ́n. Àwọn tó máa ń yí fẹ́ńdọ̀ ká ní Òṣòdì láàárọ̀, tí wọn kò ní owó ìwé ìròyìn lápò, wọ́n á ka àkọlé ojú ìwé, wọ́n á wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ ṣí ibi tí kàtúùnù wà. Àwọn wọ̀nyẹn lọ̀gá fún ayàwòrán. Ìgbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, tí ẹnì kan sì sọ pé "òótọ́ ni," iṣẹ́ ti dé ibi tó ń lọ.

Ẹni tó bá gbà pé ọwọ́ òkè òkun ló ń sọ kọ́míìkì wa di ńlá, kó wádìí Powerman wò. Ní 1975 ni wọ́n ń tà á fún àwa Nàìjíríà, ìtàn akọni adúláwọ̀ kan tí agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yà á. Àwọn méjì tó ń yà á, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà ni wọ́n nígbà náà. Kọ́bọ̀ ọmọ iléèwé wa wà nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Gibbons ló wá ya Watchmen láti 1986, Bolland ló ya Batman: The Killing Joke ní 1988, gbogbo ayé mọ̀ wọ́n, ó sì tọ́ sí wọn, nítorí ọwọ́ wọn dá. Àmọ́ nígbà tí Powerman kógbá sílé, Lọ́ńdọ̀nù ni ìmọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti ara rẹ̀ jèrè dúró sí. Àwa ni a kà á. Àwọn ni ó kọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí Powerman jáde, 1976, Wale Adenuga gbé Ikebe Super jáde. Ìmọ̀ ìṣòwò ló kọ́ ní Yunifásítì Èkó, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ya kàtúùnù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí Lọ́ńdọ̀nù kankan nínú tirẹ̀. Papa Ajasco wà níbẹ̀, olórí pípá oníkùn tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin; Boy Alinco, ọ̀dọ́ tó ń ṣe fàájì láìní kọ́bọ̀ lápò; Miss Pepeiye tí ìfẹ́ rẹ̀ kò kọjá owó; Pa James àti Pa Jimoh. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ní ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Ìsọlọ̀ tàbí Mùṣín láyé ìgbà yẹn mọ yàrá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé, ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti lé jókòó síta lóru. Ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi ń ti ṣọ́ọ̀bù agẹrun dé ọ̀dọ̀ vọ́kánásà, tó tún ti ibẹ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ iléèwé, títí ẹ̀yìn ìwé á fi já.

Wọ́n á ní ìwé ìṣekúṣe ni. Àwọn òbí gbà á lọ́wọ́ ọmọ, tíṣà fà á ya níwájú kíláàsì, títí dòní àwọn ọ̀mọ̀wé kan kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. N kò ní purọ́ pé kò sí ìsọkúsọ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú tó fi wo obìnrin kò dára tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíì ṣe pẹ̀lú irú rẹ̀. Ní 1968, Robert Crumb tẹ Zap Comix ní San Francisco, ó kó o sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, ó ń tà á lójú pópó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ le ju ti Adenuga lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Lónìí yunifásítì Amẹ́ríkà ń fi í kọ́ni, wọ́n sì ń to àwòrán Crumb sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí àléébù rẹ̀ láìjù ú nù. Tiwa, ọwọ́ alákàrà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ parí sí.

Adenuga kò sì fi ẹni tó yà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló sọ Papa Ajasco di fíìmù ní 1984. Òun náà ló gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1990. Àwọn tó ní kọ́míìkì kò jámọ́ nǹkan títí yóò fi di fíìmù máa ń fi èyí ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n sì ń kà á sẹ́yìn. Ìwé ló kọ́kọ́ di ńlá, lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ àti ní gáréèjì. Fíìmù bá a níbẹ̀ ni, nítorí òǹkàwé ti wà nílẹ̀, ẹni tó ni ín sì wà láàárín wọn.

Ṣáájú Ikebe Super, Atọ́ka ti jáde láti 1967, lọ́dọ̀ West African Book Publishers. Fọ́tò ni tiwọn: wọ́n á to àwọn òṣèré Dúró Ládiípọ̀, Ọyin Adéjọbí tàbí Moses Ọláìyá síwájú kámẹ́rà, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí wọn lẹ́nu. Àwọn tí kò lọ kọjá ìwé mẹ́fà kà á bí ẹni mumi. Ní báyìí, ẹ ka kọ́míìkì tí à ń tẹ̀ ní Èkó wò. Akọni ń jẹ́ Ẹ̀rù, ó ń jẹ́ Ìrètí. Bó bá ti lanu, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ló ń sọ, nítorí ẹni tó yà á ti gbé ojú lé ẹni tó ń retí pé yóò rà á.

Ohun kékeré kan tún wà nínú ọ̀ràn èdè yìí tí a kì í sọ, bẹ́ẹ̀ ó ń dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú fọ́ǹtì tí àwọn oníkọ́míìkì ń lò lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń kọ lẹ́tà gàdàgbà sínú àpò ọ̀rọ̀, kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, àpótí òfìfo ni yóò jáde, tàbí kí àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé Yorùbá lòun fẹ́ kọ, ọwọ́ ló máa fi kọ ọ́. Á fi rúlà fa ìlà tín-ín-rín. Á fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ láàárín ìlà sí ìlà, kí àmì orí lẹ́tà ìlà kejì má baà kọlu àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà kìíní. Àpò ọ̀rọ̀ á wá tóbi sí i, orí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á sún wálẹ̀, ilé tó wà lẹ́yìn wọn á dín kù, gbogbo ojú ewé á di àtúnyà. Wákàtí lórí wákàtí nìyẹn. Ẹni tó ń ra ìtàn láti òkè òkun kò ní mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò mọ̀, nítorí yóò kà á já láìpadà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Mo ka irú ayàwòrán bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá nídìí iṣẹ́ rẹ̀, kódà bí kò bá ta ju igba ẹ̀dà lọ.

Wọ́n á tún ní àwọn ará wa kì í kàwé mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ bá ayàwòrán tó ń gbé yàrá kan ní Ire-Akárí ṣírò ná. Ó ti fi pẹ́ńsù ya kọ́míìkì rẹ̀, ó ti fi yíǹkì dúdú tọ̀ ọ́, ó ti ra epo sí jẹnẹrétọ̀ láwọn òru tí iná kò sí. Ìwé náà di ojú ewé mẹ́rìnlélógún. Ó wọ dáńfó lọ sí Ṣómólú, níbi tí àwọn onítẹ̀wé kéékèèké pọ̀ sí bí èèrùn, ó béèrè iye. Bébà ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Orílẹ̀-èdè yìí kọ́ iléeṣẹ́ bébà mẹ́ta, ọ̀kan ní Jebba, ọ̀kan ní Oku-Iboku, ọ̀kan ní Iwopin ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí kò jìnnà sí wa, gbogbo wọn ló dẹnu kọlẹ̀. Òkè òkun ni bébà Ṣómólú ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n sì ti tú náírà sílẹ̀, dọ́là kò ṣeé sún mọ́ mọ́. Iye tó yẹ kí ọmọ iléèwé fi ra kọ́míìkì kò tó bébà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe wá pe ìyẹn ní àìfẹ́-ìwé. Nígbà tí Jide Martin dá Comic Republic sílẹ̀ ní 2013, tó sì ń gbé kọ́míìkì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn òǹkàwé wá. Láti 2012 tí Ayodele Elegba ti bẹ̀rẹ̀ àpéjọ oníkọ́míìkì tí wọ́n ń pè ní Lagos Comic Con, ọ̀dọ́ ń lọ síbẹ̀. Wọ́n wà. Owó tó wà láàárín wọn àti ìwé ló ga jù.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti oúnjẹ, n kò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ̀gbọ́n kan á ní: "Àdúgbò lò ń wí, ṣé àdúgbò ló máa san owó ilé mi?" Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ń san owó kàtúùnù bí ẹni ń ṣe sàráà kún ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo oníkọ́míìkì tó wà ní Èkó, mélòó ni Disney ti pè bó ṣe pe Kugali? Ètò tí ẹnì kan ti yó tí gbogbo ẹni tó kù sì jókòó tí wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, èmi kò lè pè é ní ètò oúnjẹ. Ẹ wo Abidjan. Ní 1999, Lassane Zohoré àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Gbich!, ìwé kàtúùnù ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní Faransé ìgboro tí onítakisí àti alátẹ ń sọ, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Inú rẹ̀ ni Cauphy Gombo ti wá, oníṣòwò tí kò mọ àánú, tí gbogbo Abidjan mọ̀ bí ẹni mọ aládùúgbò rẹ̀. Ayàwòrán púpọ̀ ló ti ibẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe, láìdúró de Paris. Ní Japan náà, Shōnen Jump bẹ̀rẹ̀ ní 1968 lórí bébà olówó pọ́ọ́kú, ní èdè Japan, fún ọmọ iléèwé Japan. Ayé ló rìn lọ bá wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò ṣòro láti lóye. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá, tí Aláròyé ti ń ṣíwájú láti 1996, lè ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìtàn alálàwòrán tó ń tẹ̀ síwájú, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń san ti akọ̀ròyìn. Ayàwòrán tí òkè òkun bá pè, kó lọ, àmọ́ kó má ta ẹ̀tọ́ láti tẹ ìtàn rẹ̀ ní Yorùbá nílé níbí. Kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kó sì mú lọ́yà dání.

Èyí tó kù, ọwọ́ èmi àti ẹ̀yin ló wà. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ kàtúùnù tó ń wọlé sórí WhatsApp yín láàárọ̀. Ibẹ̀ ni ayàwòrán máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ti gé e kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, tí àwòrán náà ti di ọmọ aláìníbaba tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pín kiri. Ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ pé ta ló yà á. Bí kò bá mọ̀, ẹ wá orúkọ náà, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹni tí a bá mọ orúkọ rẹ̀ la lè ra ìwé rẹ̀. Òun la lè gbé iṣẹ́ fún. Bí ọlọ́pàá bá sì fi òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru nítorí ikùn olóṣèlú kan tó yà, a ó mọ ẹni tí à ń lọ dúró fún ní tẹ́ṣàn.